Bí Mo Ṣe Fi Lẹ́tà Old English Kọ Ìwé Ẹ̀rí fún Ẹgbẹ́ Kan n'Íjẹ̀bú-Òde

Ọdún Iléyá kù díẹ̀ nígbà tí àwọn ìyá kan nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, gbé iṣẹ́ wá bá mi: ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ fi yẹ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ sí lẹ́yìn Ojúde Ọba. Ìyá tó ṣáájú wọn ní, "Lẹ́tà ayé àtijọ́ yẹn la fẹ́ o, èyí tó ní ìkọ́." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà, mo ti mọ̀ ọ́n."

Old English ni àwa atẹ̀wé ń pè é. Irú rẹ̀ ni Gutenberg fi tẹ Bíbélì ní Mainz, nílẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1455. Gègé ẹlẹ́nu fífẹ̀ ló bí i. Ẹni tó bá ti rí àáfà tó ń fi kàlámù kọ wàláà á tètè mọ̀ ọ́n: bó bá wálẹ̀, ìlà á ki, bó bá dagun gòkè, á tín-ín-rín. Lónìí, orí ìwé ìròyìn bíi New York Times àti ìwé ẹ̀rí la ti sábà ń rí i.

Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ gbogbo orúkọ ránṣẹ́ sí mi, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ńlá Old English kì í gbé pọ̀. Bí mẹ́ta bá ti tò, kò ṣe é kà mọ́. Mo yí gbogbo rẹ̀ sí kékeré, mo fi ńlá síwájú nìkan. Síbẹ̀, ẹ wo orúkọ bí Ọ̀nànúgà: n àti u fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, àfi pé òkè ni n ti so pọ̀, ìsàlẹ̀ ni ti u. Mo fẹ àlàfo àárín wọn díẹ̀.

Ara àmì ni iṣẹ́ gan-an wà. Fọ́ǹtì tí mo lò, ìyẹn irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Kọ̀ǹpútà á lọ yá ti fọ́ǹtì mìíràn wá dí ibẹ̀, á wá rí jágbajàgba. Ọ̀pọ̀ á ní kí a kúkú yọ àmì kúrò. Èmi ò gbà. Àgbàlagbà tí à ń yẹ́ sí, ṣé orúkọ rẹ̀ ló yẹ ká bà jẹ́ nítorí ẹ̀ṣọ́? Nínú CorelDRAW, ètò tí a fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ orúkọ láìsí àmì, mo fi wé ìwé tí wọ́n fún mi, mo wá tẹ Ctrl+Q kí lẹ́tà di àwòrán. Àmì tó wà lórí i nínú fọ́ǹtì yìí kì í ṣe róbótó; igun mẹ́rin ni, tó fi ṣóńṣó dúró. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ ọ. Mo na òmíràn, mo dà á sọ́tùn-ún fún ohùn òkè, sósì fún ohùn ìsàlẹ̀.

Orúkọ àti àkọlé nìkan ni mo fi Old English kọ. Times New Roman ni ọ̀rọ̀ ìyókù, torí bí Old English bá ti kéré, yíǹkì á dí inú rẹ̀ pa. Àwọn ìyá ní kí n fi wúrà tẹ gbogbo rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé dídán rẹ̀ ò ní jẹ́ kí ìlà tín-ín-rín hàn. A fi dúdú tẹ lẹ́tà, a wá fi wúrà sí etí ìwé yíká.