Bí mo ṣe gbé ráútà kúrò lẹ́yìn firíìjì màmá mi

Ẹ̀yìn firíìjì ni ẹni tó wá fa íntánẹ́ẹ̀tì sílé màmá mi ní Bódìjà gbé ráútà, ẹ̀rọ tó ń fọ́n Wi-Fi káàkiri ilé, sí, nítorí ibẹ̀ ló ti rí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣófo. Odidi oṣù méjì ni màmá fi ń jáde lọ jókòó lẹ́bàá fèrèsé ilé ìdáná kí wọ́n tó lè rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ wọn lórí fóònù. Ó dùn mí. Nígbà tí mo wálé, mo tún un tò.

Irin ara firíìjì máa ń dí Wi-Fi lọ́nà, búlọ́ọ̀kù oníínṣì mẹ́sàn-án náà sì ń dín agbára rẹ̀ kù. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ráútà máa jókòó sí: àárín ilé, lókè, níbi tí nǹkan kan ò ti bò ó. Móídẹ̀mù ní tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé láti ara wáyà ìta, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí wáyà fáíbà ti wọlé. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú wáyà yẹn, bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ po, ó lè kán. Wáyà Ethernet tó so àwọn méjèèjì pọ̀ lè gùn tó mítà 100. Mítà 15 ni mo rà, mo fà á gba inú àjà, mo sì gbé ráútà sórí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀.

Ẹ pa méjèèjì. Ẹ ki orí wáyà kan bọ móídẹ̀mù, kí ẹ ki ìkejì bọ ihò tí wọ́n kọ WAN sí lára ráútà. Ẹ tan móídẹ̀mù ṣáájú, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì. Bí iná LOS bá pọ́n, ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kan ráútà. Wáyà tó ti ìta wá ló níṣòro, àwọn tó fà á ni kí ẹ pè. Bí kò bá pọ́n, ẹ tan ráútà.

Ẹ wo abẹ́ ráútà: orúkọ Wi-Fi, password, àti àdírẹ́sì bíi 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 máa ń wà níbẹ̀. Ẹ fi fóònù so mọ́ Wi-Fi náà, kí ẹ tẹ àdírẹ́sì yẹn sínú Chrome. Password méjì lẹ máa yí padà: ti Wi-Fi, àti ti ibi tí ẹ ti ń tún ráútà ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ìkejì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ Wi-Fi yín lè gba ibẹ̀ tú gbogbo ohun tí ẹ tò. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ yan irú ààbò Wi-Fi, ẹ yan WPA2 tàbí WPA3. Password Wi-Fi kò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà mẹ́jọ. Gbólóhùn gígùn kan tí màmá fẹ́ràn láti máa sọ ni mo lò, láìfi àmì ohùn sí i, kó má bàa nira fún wọn láti tẹ̀.

Orúkọ Wi-Fi méjì lè jáde lórí fóònù, 2.4GHz àti 5GHz. 5 yára, àmọ́ ògiri tètè ń dá a dúró. 2.4 ò yára tó o, ṣùgbọ́n ó ń wọ yàrá. Tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ wà lórí 5, fóònù màmá wà lórí 2.4.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Ẹ wo ara ṣájà méjèèjì: ọ̀pọ̀ jẹ́ 12V, òmíràn 9V. UPS kékeré, ìyẹn bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ, tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ bá a mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ lè jó. Bó bá jẹ́ ráútà nìkan lẹ rà á fún, tí iná bá lọ, fóònù á ṣì máa rí Wi-Fi, íntánẹ́ẹ̀tì ò sì ní sí. Nítorí pé tiwa jìnnà síra, méjì ni mo rà.

Iná lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì wọn ni màmá ti ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀.