Bí mo ṣe padà sórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí ìsoríkọ́ ò tíì lọ

Oògùn dókítà ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kẹ̀kẹ́ mi kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní Peckham, ní London ni, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ohun tó yanjú ẹ̀ ni pé mi ò dúró kó wù mí mọ́. Olùtọ́jú tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ṣàlàyé pé nínú àìsàn yìí, ìṣe ló sábà máa ń ṣáájú, kí ìfẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Lálẹ́, mo máa ń fi atẹ́gùn kún táyà, màá kó akoto, bàtà àti kọ́kọ́rọ́ sójú kan. Láàárọ̀, ọ̀nà Surrey Canal tí mọ́tò kì í gbà ni mò ń tọ̀ lọ sí Burgess Park. Bí ara bá kọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, mo láǹfààní láti ṣẹ́rí padà, kò sì sí ẹ̀bi kankan ńbẹ̀. Àǹfààní yẹn gan-an ló tú mi sílẹ̀! Mo tún yọ áàpù tó ń ka máìlì kúrò lórí fóònù mi.

Ọjọ́ Sátidé ló le jù, torí náà àbúrò mi máa ń wá gun tiẹ̀ pẹ̀lú mi. Mò ń lo oògùn mi lọ; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá tiyín dúró láìsọ fún dókítà.