Ọjọ́ Mẹ́rin ní Èkìtì fún Ẹni tí Ojú Rẹ̀ Ń Wá Ọnà

Ẹni tó bá ń wá ilé ìtura onígíláàsì tí iná rẹ̀ ń tàn yinrinyinrin, kì í ṣe Èkìtì ló yẹ kó forí lé, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Èkó àti Àbújá. Ohun tí Èkìtì ní fún ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà ni ohun tí àwọn èèyàn fi igi, amọ̀, òkúta àti omi ṣe, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní: ààfin tí ọba ṣì ń jókòó nínú rẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ìyá àgbà ṣì ń sá ẹ̀gẹ́ sí iwájú rẹ̀, ìkòkò tí wọ́n ṣì ń gbé ka iná. Nítorí pé inú ilé onílé ni ẹ ó máa wọ̀, ẹ ó ní láti mọ ọ̀nà tí a ń gbà wọlé, kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ ó wò níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin tó fún ìrìn yìí bí ẹ bá ní mọ́tò ti ara yín, tàbí bí ẹ bá gba ọkọ̀ ní dúrọ́pù láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ èrò máa ń dúró kó kún kó tó gbéra, kì í sì í yà síbi tí ẹ bá rí ilé tó wù yín láti wò. Ìgbà tí mo fẹ́ràn jù ni ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ṣùgbọ́n tí koríko ṣì tutù, tí òkè kọ̀ọ̀kan sì hàn kedere lójú ọ̀run. Bí ọyẹ́ bá ti dé tán, eruku a bo gbogbo òkè náà mọ́lẹ̀, àwòrán tí ẹ bá sì yà yóò dà bí èyí tí a yà láti inú èéfín.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wá àwòrán iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fara balẹ̀ wò ó. Ẹ̀fọ̀n Aláàyè ni wọ́n ti bí ọkùnrin yìí ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ló ti di ẹni ńlá, níbi tó ti ń gbẹ́gi fún Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà, ó sì kú ní ọdún 1938. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkéré. Wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Wembley, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924. Nígbà tí àwọn aláṣẹ British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò gbà láti tà á fún owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìlẹ̀kùn náà wà títí di òní. Ìtàn ọjọ́ tí Ògògà gba òyìnbó aṣojú ìjọba lálejò ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sí i lára, òyìnbó náà sì wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn gbé e rù. Òpó kan láti ààfin kan náà wà ní Chicago, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lórí èyí tí ọba jókòó, tí ìyàwó rẹ̀ àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì lára àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Èkíní ni pé Ọlọ́wẹ̀ kì í fi ère rẹ̀ lẹ̀ mọ́ pákó bí èyí tí a fà sára rẹ̀. Ó máa ń gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ débi pé orí, apá àti ẹsẹ̀ a yọ síta, òjìji wọn a sì máa yí bí oòrùn ṣe ń yí. Èkejì ni ìwọ̀n: lára òpó tó wà ní Chicago, ìyàwó tó dúró lẹ́yìn ga ju ọba tó jókòó lọ, bẹ́ẹ̀ ni adé ọba pẹ̀lú ẹyẹ orí rẹ̀ sì tóbi ju bí ojú ti ń rí adé lọ. Kì í ṣe àṣìṣe. Agbẹ́gilére náà ń sọ ẹni tó gbé ọba ró àti ibi tí agbára ọba ti ń wá. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wo èyí nílé yóò kàn máa wo òpó ààfin bí ẹni ń wo òpó iná ni.

Ẹni tó bá gba Iléṣà wọlé yóò dé oríta Ìtawùrẹ́, ibẹ̀ ni ẹ ó ti yà sí Ẹ̀fọ̀n Aláàyè. Orí òkè ni ìlú náà wà, àárín àwọn òkè mìíràn, atẹ́gùn rẹ̀ sì tutù. Ààfin Aláàyè, ọba ìlú náà, ni ẹ fẹ́ dé. Láàárín nǹkan bí ọdún 1912 sí 1916 ni Agbọ́nbíọ̀fẹ́, ọmọ ìdílé Adéṣínà tí iṣẹ́ ọnà igi jẹ́ iṣẹ́ ìran wọn, gbẹ́ àwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ààfin náà. Akọgun tó gun ẹṣin wà nínú wọn, abiyamọ tó gbé ọmọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀ pé ọwọ́ méjèèjì kò jọra. Ère Agbọ́nbíọ̀fẹ́ dúró ṣinṣin, ó tutù lójú, kò sí ìkánjú lára rẹ̀, nígbà tí ti Ọlọ́wẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kó máa rìn. Mi ò lè sọ èyí tó dára jù, ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí mo lè bá gbé ilé.

Ọ̀rọ̀ wíwọ ààfin gba àlàyé díẹ̀. Ẹ má ṣe gbé kámẹ́rà wọlé bí ẹni wọ ọjà. Ẹ kọ́kọ́ bá ìjòyè tàbí ìránṣẹ́ ààfin tí ẹ bá bá lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá àti ohun tí ẹ fẹ́ wò. Ẹ mú owó obì dání, kí ẹ má sì dúnàádúrà lé e lórí, nítorí kì í ṣe owó ìwọlé. Bí Kábíyèsí bá gbà láti rí yín, ọkùnrin a ṣí fìlà, a sì dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀. Ẹ ó bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ bọ́ ọ, ẹ kò sì ní í na ọwọ́ sí ọba láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ní ti àwòrán, ẹ béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ààfin kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ti gbà kí n ya òpó, mo wá rò pé ìyẹn kan ìlẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà. Kò kàn án. Àgbàlagbà tó mú mi rìn kò pariwo mọ́ mi, ó kàn gbọ́wọ́ lé kámẹ́rà náà, ó ní, "Ọmọ mi, òpó ni a bá ọ sọ." Mo pa àwòrán náà rẹ́ lójú rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń nawọ́ sí nǹkan kọ̀ọ̀kan kí n tó yà á.

Láti Ẹ̀fọ̀n, ẹ gba Àràmọ̀kọ àti Erínjìyàn lọ sí Ìkọ́gòsì, kí ẹ sì sun oorun òru méjì níbẹ̀. Omi gbígbóná àti omi tútù ló ń sun láti ilẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n wá pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Àwọn àgbà a máa sọ pé orogún méjì ni wọ́n. Wọ́n máa ń kọ ọ́ pé òyìnbó ajíhìnrere Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan, John McGee, ló ṣàwárí ibẹ̀ ní ọdún 1952, bí ẹni pé àwọn ará Ìkọ́gòsì kò tíì máa wẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n gé tí wọ́n fi sọ omi inú ike tí a mọ̀ sí Gossy.

Ohun tó mú kí n ka Ìkọ́gòsì mọ́ ibi tó yẹ kí olólùfẹ́ ọnà sùn ni pé igbó ló ṣáájú ilé níbẹ̀. Àwọn ilé kéékèèké tó dá dúró ni wọ́n fọ́n sáàárín igi, ibi tí ilẹ̀ bá sì ṣe gẹ̀rẹ́ sí ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gbà. Nígbà tí ẹ bá ń gba yàrá, ẹ béèrè èyí tó súnmọ́ ibi tí omi méjèèjì ti pàdé, kí ẹ lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lóru. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ má sì sanwó tán kí ẹ tó rí yàrá náà: ẹ yí ẹ̀rọ omi, ẹ béèrè wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ wò bóyá nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lójú fèrèsé. Ìsinmi ọdún àti òpin ọ̀sẹ̀ a máa kún fún àwọn ọmọ iléèwé àti ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́, nítorí náà ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó jí, ẹ lọ ti ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, kí ẹ ti èkejì bọ omi tútù. Kò sí ayàwòrán-ilé tó lè ṣe irú ìwẹ̀ yẹn.

Ìsun omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, ó tán.

Ní Adó-Èkìtì, ilé ìtura pọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tí mo lè tìtorí ẹwà rẹ̀ nìkan rán yín lọ. Ẹ fi ìdajì ọjọ́ rin Ìjìgbò àti Òkèyínmi ní ẹsẹ̀, kí ẹ máa wo àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí owó kòkó kọ́. Ẹ gbójú sókè wo iwájú òrùlé, nítorí orí ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni onílé máa ń kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún tó parí ilé sí. Ẹ wo ọwọ̀n kéékèèké tó to sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, àti òdòdó tí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì ṣe sí etí fèrèsé. Níbi tí sìmẹ́ńtì bá ti ṣí, ẹ ó rí amọ̀ pupa lábẹ́ rẹ̀, tó nípọn bí ìgbọ̀nwọ́. Òun ló jẹ́ kí inú ilé tutù lọ́sàn-án. Onílé tó bá rí yín tí ẹ ń wo ilé bàbá rẹ̀ yóò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí odó ti ń dún, kí ẹ jẹ iyán.

Ìkéré wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Níbẹ̀, òkúta ńlá ni ilé àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí: Olóṣùnta àti Orólè, tí ìlú tẹ̀ dó sí ìsàlẹ̀ wọn. Ẹ dúró níbi tí òrùlé páànù tó ti dípẹtà fi pàdé òkúta dúdú náà nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kan méjèèjì, ẹ ó sì mọ ibi tí àwọ̀ ìlú náà ti wá. Bí ẹ bá dé ààfin, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́wẹ̀, kí ẹ fi àwòrán tí ẹ gbé wá hàn wọ́n. Ìbéèrè tó dára ju ẹ̀bùn lọ ní ibi tí iṣẹ́ wọn ti di ti ìlú mìíràn. Ìsẹ̀ kò jìnnà sí Ìkéré fún ẹni tó bá fẹ́ parí ìtàn náà níbi tí ọkùnrin náà gbé.

Ẹ fi ọjọ́ ìkẹyìn sí apá Ọ̀yẹ́. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì, lára wọn Kevin Carroll, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀, níbi tí Bándélé ọmọ Àreògún ti Òsì ti ń gbẹ́gi, tí Lámídì Fákẹ́yẹ sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìtàn inú Bíbélì ni wọ́n ń gbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara àti aṣọ Yorùbá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ọdún 1954 ni wọ́n ti ibi iṣẹ́ náà pa. Nítorí náà, bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì èyíkéyìí ní agbègbè náà, ẹ wo ìlẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Ìrè náà wà nítòsí, ìlú Ògún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn akéwì sọ pé Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀.

Ìsàn-Èkìtì ni kí ẹ fi parí rẹ̀, nítorí ohun tí ẹ ó rà níbẹ̀ kò ṣe é gbé káàkiri. Àwọn obìnrin ló ń mọ ìkòkò níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ẹ béèrè kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń po amọ̀, bí wọ́n ṣe ń dán ara ìkòkò, àti bí wọ́n ṣe ń sun ún. Ẹ má ṣe ná an jù; ẹ ti rí iye ọjọ́ tó gbà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó dára, ẹ fi ìka kan ìdí rẹ̀: èyí tó bá dún gbangba ti jiná, èyí tó bá dún wúyẹ́wúyẹ́ ti sán níbì kan. Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ kún inú rẹ̀, ẹ fi aṣọ àtijọ́ wé e lóde, kí ẹ gbé e sáàárín ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú ọkọ̀, kì í ṣe inú búùtù.