Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà mi àti ọdẹ tó ń sùn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka owó tó bá fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà mi lọ. 12,000 náírà fún ańtífáírọ́ọ̀sì, ọdẹ tó yẹ kó máa lé fáírọ́ọ̀sì. 8,000 fún fọ́mátì, ìyẹn kí wọ́n nu kọ̀ǹpútà mọ́, kí wọ́n tún Windows tó ń darí ẹ̀ gbé wọlé. Dátà tí mi ò tiẹ̀ kà mọ́. Owó ọkọ̀ Ṣómólú, àlọ àti àbọ̀, tí mo fi ra ojú ara mi padà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Kí n náwó kí n má rí nǹkan mú bọ̀, ó máa ń dùn mí ju orí fífọ́ lọ.

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò jìnnà sí Fọlágbadé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ọdún 2025, ẹgbẹ́ kan nínú àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (àwọn ẹgbẹ́ ojúgbà wa ní Ìjẹ̀bú) gbé ìwé ètò Ojúde Ọba wọn wá. Mo tò ó, ó dùn ún wò, mo kó o sínú fláàṣì akọ̀wé wọn, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé ní Ṣómólú. Kò tí ì di ọ̀sán tí fóònù mi fi ké.

"Àǹtí, kí lẹ fi sínú fláàṣì yìí? Gbogbo ẹ̀ ti di shortcut! Onítẹ̀wé ní ẹ̀rọ òun ò ní fojú kàn án."

Mo gbé lápútọ́ọ̀pù mi, ó di Ṣómólú. Ti fáìlì yẹn kò le rárá. Irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kì í sábà pa nǹkan rẹ́. Ó kàn ń fi wọ́n pamọ́, tó ń gbé ẹ̀tàn, ìyẹn shortcut, síwájú wọn kí èèyàn lè tẹ̀ ẹ́. Mo ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, mo tẹ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* (E ni lẹ́tà fláàṣì lórí tèmi, tiyín lè jẹ́ F tàbí G), gbogbo wọn sì yọjú. Mo fi ìwé ètò náà ránṣẹ́ sí onítẹ̀wé lórí WhatsApp, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé náà ò dúpẹ́.

Ohun tó gbé mi lọ́kàn padà sílé ni pé mo ti sanwó ọdẹ. Oṣù kejì ni mo ra ańtífáírọ́ọ̀sì yẹn, ọdún kan ni wọ́n sì tà fún mi. Báwo ni olè ṣe wá ń gbé inú ilé?

Mo ṣí i. Ó ti kú láti oṣù kẹrin. Àmì pupa kékeré kan ti ń yọ sí mi ní igun ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́, èmi náà sì ń tì í lójoojúmọ́, torí mo rò pé ìpolówó ni. Ẹ má bínú sí mi. Nǹkan tó ń fi ojoojúmọ́ pariwo pé kí n wá ra èyí tó tóbi jù, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ọjọ́ tó ń sọ òótọ́?

Mo pe ẹni tó tà á fún mi. "Àǹtí, ọjà ti kúrò lọ́wọ́ mi o. Ẹ lọ bá àwọn tó ṣe é." Mo lọ bá àwọn tó ṣe é. Rọ́bọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ ń dá mi lóhùn, ó ń bi mí léèrè nọ́ńbà tí wọn ò fún mi rí. Nígbà tí mo rí èèyàn ẹlẹ́ran ara, ó ní kọ̀ǹpútà tó ń lo kọ́ọ̀dù mi ti pọ̀ ju iye tí wọ́n gbà láyè lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe fagi lé e. Àṣé ọ̀kan ṣoṣo ni oníṣòwò yẹn ní, tó ń tà á káàkiri bí ẹni ń bu gàárì.

Ó dáa. Mo ní kí n yọ òkú náà kúrò, kí Defender, ọdẹ tó bá Windows wá lọ́fẹ̀ẹ́, lè dìde. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí Windows bá ti rí ańtífáírọ́ọ̀sì mìíràn, Defender máa ń yẹra fún un. Ọdẹ méjì kì í ṣọ́ géètì kan, wọ́n á máa yìnbọn mọ́ra wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ ní Control Panel. Ó dé ìdajì, NEPA mú iná lọ. Tòkunbọ̀ ni lápútọ́ọ̀pù mi, bátìrì ẹ̀ kì í lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí iná dé, ańtífáírọ́ọ̀sì ò sí nínú ohun tí mo lè yọ mọ́, àmọ́ Windows ṣì ń sọ pé òun ló ń ṣọ́ ilé. Mo tẹ bọ́tìnì Defender, kò ṣí. Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án. Kò ṣí. Mo tún gba ańtífáírọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì láti tún gbé e wọlé kí n lè yọ ọ́ dáadáa. Ó ní kí n mú kọ́ọ̀dù wá. Ọjọ́ méjì gbáko! Oníbàárà ń wọlé, mo ń lé wọn.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo rí i pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ańtífáírọ́ọ̀sì ló ní ohun kékeré kan lọ́tọ̀ tí wọ́n ṣe láti fi fa tiwọn tu tegbò tegbò. Orí ìkànnì wọn fúnra wọn ló wà, mẹ́gá díẹ̀ péré. Mo tan ẹ̀rọ sí Safe Mode, níbi tí kìkì ohun tí Windows nílò ti ń ṣiṣẹ́, mo lò ó, ó tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko kò sọ ọ́ fún mi.

Defender dìde. Mo yọ̀. Mo wá wo ibi tí wọ́n ń pè ní Exclusions, ìyẹn àwọn ibi tí a ní kí ó má yẹ̀ wò. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni C:\, ibi tí Windows àti àwọn fáìlì mi wà. Gbogbo ilé! Wọ́n fi ọdẹ sẹ́nu géètì, wọ́n ní kó kọjú sí títì.

Mo pe ẹ̀gbọ́n tó bá mi fọ́mátì ẹ̀. Kò jiyàn. "Àǹtí mi, kíráàkì tí mo fi ṣí Windows yín láìrà á ò ní wọlé bí Defender bá ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n ṣe é ní pọ́ọ́kú." Òótọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò ní kó bá mi ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé kíráàkì yẹn ò tiẹ̀ pọn dandan. Láti ayé Windows 8 ni ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù ti ń gbé kọ́ọ̀dù Windows tiẹ̀ wá nínú pátákó ẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Mo padà sí Command Prompt, mo tẹ wmic path softwarelicensingservice get OA3xOriginalProductKey, tèmi sì jáde gedegbe. Mo fi sí Activation, ibi tí Windows ti ń yẹ kọ́ọ̀dù wò, ó gbà á. Mo yọ C:\ kúrò nínú Exclusions, mo ṣe Offline scan, àyẹ̀wò tí Defender ń ṣe kí Windows tó dìde, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kó nǹkan mẹ́ta dànù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é o, láìsan kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá ra tòkunbọ̀, Exclusions yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo bátìrì. Tí ẹ bá sì fẹ́ yọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí.

Windows 10 ni tèmi. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ẹ̀ dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025, ẹ̀rọ mi sì ti gbó ju ohun tí Windows 11 ń fẹ́ lọ. Mo forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìtọ́jú tó máa gbé mi dé 13 oṣù kẹwàá 2026. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tí ì mọ ẹni tí màá bá jà.

Mo lẹ ìwé mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù: A MÁA YẸ FLÁÀṢÌ YÍN WÒ KÁ TÓ ṢÍ I. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá àgbà kan kà á, ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé fláàṣì tèmi ló ní àrùn?" Mo ní, "Rárá o, sà, gbogbo èèyàn la ń ṣe é fún." Bàbá gba fláàṣì wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Láti ibi tí mo dúró, mo rí i bí ọmọ tó wà níbẹ̀ ṣe tì í bọ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà.