Fífi Ẹ̀yà Máṣíìnì Mìíràn Tún Máṣíìnì Àtijọ́ Ṣe: Ohun Tí Ẹ Gbọ́dọ̀ Wọ̀n Kí Ẹ Tó Gé Irin

Honda CG125, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1976, àti àwọn tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà ní àwòṣe rẹ̀, ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti pushrod (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti fáàfù ṣí), kò ní timing chain tó máa na, ẹ̀yà rẹ̀ kò wọ́n, kò sì sí mẹkáníìkì láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí tí inú rẹ̀ ṣe àjèjì sí. Ẹni tó bá ní máṣíìnì two-stroke àtijọ́ (èyí tí ọ́ìlì ń jó pọ̀ mọ́ epo nínú rẹ̀), bíi Suzuki AX100, lè tẹ̀lé ọ̀nà kan náà. Ibi iná àti kabúrétọ̀ nìkan ni yóò ti yàtọ̀.

Àrà yìí kì í ṣe tuntun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 1950 sí 1969, àwọn ọ̀dọ́ a máa yọ ẹ́ńjìnnì Triumph, wọn a gbé e sínú férémù Norton tí wọ́n ń pè ní Featherbed. Triton ni wọ́n sọ ohun tó jáde níbẹ̀. Wọn kì í fipá fa ihò férémù kó lè bá ti ẹ́ńjìnnì mu. Pátákó irin tuntun ni wọ́n ń gé láti so méjèèjì pọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fi sọ́kàn nìyẹn.

Èkejì ni pé ẹ̀yà tí ẹ bá fẹ́ gbà lára máṣíìnì mìíràn, ẹ gbà á tòun ti gbogbo ohun tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀kì iwájú Bajaj Boxer lẹ fẹ́, ẹ ra ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, T òkè àti T ìsàlẹ̀ (irin méjì tó di ṣọ́ọ̀kì mú mọ́ ọrùn férémù), táyà pẹ̀lú rim àti họ́ọ̀bù rẹ̀, áksù, búṣì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwo bíréèkì, títí kan kébù speedometer. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun fẹ́ yọ áksù tà lọ́tọ̀, ẹ wá ibòmíràn lọ. Owó tí ẹ bá rò pé ẹ fi pamọ́ níbẹ̀, ìlọ́po rẹ̀ ni ẹ máa san fún ẹni tó ń gbẹ́ irin lórí lathe.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà

Ẹ gbé kalípà (irin tí wọ́n fi ń wọn ìbú nǹkan), tépù àti ìwé kékeré dání, ì báà jẹ́ Lọ́kọ́jà lẹ ń lọ tàbí Ìlọrin. Orúkọ tó wà lára táǹkì kì í sọ ohun tó máa wọ ihò. Ìwọ̀n ló ń sọ ọ́. Kí ẹ ti kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀ láti ilé: gígùn ọrùn férémù láti ẹnu òkè dé ẹnu ìsàlẹ̀, ìbú ihò tí kóònù (béárìn ọrùn) òkè àti ti ìsàlẹ̀ jókòó sí, ìbú áksù iwájú àti ti ẹ̀yìn, àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára béárìn táyà.

Ẹ má fojú kéré nọ́ńbà béárìn yẹn. 6301 ní inú 12 mm, ìta 37 mm, nínípọn 12 mm. 6202 ní inú 15 mm, ìta 35 mm, nínípọn 11 mm. Téèyàn bá gbé méjèèjì lọ́wọ́, wọ́n jọra, ṣùgbọ́n 6202 á máa mì nínú ilé 6301. Àwọn kan a gé agolo mílíìkì, wọn a fi wé e kó lè fún. Agolo yẹn á fọ́ sí wẹ́wẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ihò họ́ọ̀bù á sì ti fẹ̀ ju èyí tó ṣeé tún ṣe lọ. Bó bá jẹ́ pé áksù 12 mm lẹ fẹ́ kó kọjá nínú béárìn 15 mm, ìyẹn ṣeé ṣe: kí wọ́n gbẹ́ búṣì irin tí nínípọn ara rẹ̀ jẹ́ 1.5 mm, tó gùn la gbogbo họ́ọ̀bù já.

Ẹ gba rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ bá rà, pàápàá ẹ́ńjìnnì. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti férémù ló wà nínú ìwé máṣíìnì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n yí ìwé náà padà bí ẹ́ńjìnnì bá yí, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gíráńdà kan nọ́ńbà ọrùn férémù.

Ọrùn àti ṣọ́ọ̀kì iwájú

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ọ̀pá tó dúró lórí T ìsàlẹ̀, tó la ọrùn férémù kọjá, ló máa sọ bóyá ṣọ́ọ̀kì náà máa wọlé tàbí kò ní wọlé. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti ibi tí kóònù ìsàlẹ̀ jókòó sí dé ibi tí ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì òkè wà, kí ẹ sì fi wé ti máṣíìnì tiyín. Bí gígùn bá dọ́gba ṣùgbọ́n tí ìbú yàtọ̀, béárìn ni kí ẹ wá: inú rẹ̀ kó bá ọ̀pá tuntun mu, ìta rẹ̀ kó bá ọrùn férémù mu. Bí gígùn bá yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi press ti ọ̀pá tiyín jáde kúrò nínú T àtijọ́, kí wọ́n gbẹ́ ihò tàbí ìdí ọ̀pá náà kó bá T tuntun mu, kí wọ́n sì tì í wọlé. Ẹ má gbà kí wẹ́dà gé ọ̀pá yìí ní àárín kó tún jó o pọ̀. Ojú ìjó náà lè dúró fún oṣù mẹ́ta, kó wá já lọ́jọ́ tí táyà iwájú bá wọ kòtò, láìsí ìkìlọ̀ kankan.

Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù kéékèèké ló wà nínú kóònù, ẹ kà wọ́n bí ẹ ṣe ń tú u, ti òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má da bọ́ọ̀lù àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun, torí èyí tó bá tóbi díẹ̀ ni yóò gbé gbogbo ẹrù. Ẹ fi gíríìsì sí i dáadáa. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fún nọ́ọ̀tì òkè, ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Ẹ di ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mú, ẹ tì í, ẹ fà á: bó bá ń dún kọ̀, ó ṣì dẹ̀. Ẹ wá fi ìka kan ti hándù láti àárín: ó gbọ́dọ̀ ṣubú fúnra rẹ̀ sí ọ̀tún, kó ṣubú sí òsì. Bí kò bá ṣubú, ó ti fún jù, máṣíìnì á sì máa ṣe wọ́ńranwọ̀nran lójú ọ̀nà bí ẹni tó mu ẹmu yó, nítorí pé hándù kò lè tún ara rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn gígùn ṣọ́ọ̀kì láti àárín áksù dé orí T òkè. Bí tuntun bá fi 25 mm kúrú sí ti àtijọ́, iwájú máṣíìnì á lọ sílẹ̀, ọrùn á sì nà dìde ní nǹkan bí ìwọ̀n dígírì kan. Hándù á fúyẹ́ nínú ìlú, èyí tó máa ń wu àwọn ọ̀dọ́. Àmọ́ tó bá di eré lójú ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́jà, tí tírélà símẹ́ńtì ń bọ̀ láti Ọbájánà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbá yín, á máa gbọ̀n. Ìwọ̀n tí àwa fara mọ́ kò ju 15 mm lọ. Bó bá gùn jù ni, ẹ lè ti ṣọ́ọ̀kì gòkè díẹ̀ nínú T, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ sípíríǹgì inú rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ pátápátá, kí ẹ wò ó bóyá táyà tàbí mọ́dígáàdì máa kan T ìsàlẹ̀. Táyà tó bá kan T nínú kòtò á dúró gbagidi, ẹni tó ń gùn ún á sì fò kọjá hándù.

Ẹ yí hándù dé ìparí lápá méjèèjì. Irin kékeré tó ń dá hándù dúró lára T Boxer lè má bá ti férémù CG pàdé, ṣọ́ọ̀kì á wá máa gbá táǹkì, tàbí kó há àtàǹpàkò yín mọ́ ọn. Ara férémù ni kí wẹ́dà ti jó irin ìdádúró tuntun, kì í ṣe ara T, nítorí pé irin dídà ni T sábà máa ń jẹ́, ó sì máa ń sán tí iná bá kàn án.

Ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì: 10W, iye kan náà gan-an ní apá méjèèjì. Síríǹjì ńlá tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ló dára jù láti fi wọ̀n ọ́n. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó nípọn á jẹ́ kó le bí igi.

Táyà àti bíréèkì

Láàárín béárìn méjì inú họ́ọ̀bù, páìpù irin kékeré kan wà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya inú béárìn méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ béárìn. Bí kò bá sí níbẹ̀, fífún nọ́ọ̀tì áksù á máa ti béárìn sínú ara wọn. Táyà á le láti yí, béárìn á gbóná, á sì fọ́ kí ẹ tó dé Mọ̀pà.

Àwo bíréèkì tó wà nínú dírọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ ní ohun tó dì í mú kó má yí. Lára ṣọ́ọ̀kì, ó lè jẹ́ etí irin tó wọ inú àlàfo àwo náà. Ní ẹ̀yìn, ó sábà máa ń jẹ́ apá irin tí bóòtì méjì dì mú. Bí ẹ bá fi àwo máṣíìnì kan sára ṣọ́ọ̀kì òmíràn tí etí náà kò bá wọ ibi tó yẹ, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì gidi, àwo náà á bá táyà yí, á wé kébù mọ́ra, táyà á sì há. Èyí ló léwu jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, bóòtì 8 mm kan sì tó láti dènà rẹ̀. Ẹ fi split pin (pín-ìnnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú) sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ bíréèkì disc, ẹ gba master (ibi tí fluid wà lórí hándù), họ́ọ̀sì, kalípà bíréèkì àti ṣọ́ọ̀kì láti ara máṣíìnì kan náà. Fluid DOT 3 tàbí DOT 4 nìkan ni kó wọ inú rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á wú rọ́bà inú rẹ̀, bíréèkì á há, kò sì ní tú sílẹ̀ mọ́.

Kí ẹ mọ̀ bóyá táyà méjèèjì wà ní ìlà kan: ẹ so okùn mọ́ ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn, ẹ fa etí okùn méjèèjì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá síwájú, kó kan táyà ẹ̀yìn níbi méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àlàfo tó wà láàárín okùn àti táyà iwájú gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì. Bí kò bá dọ́gba, búṣì ni kí ẹ gbẹ́; ẹ má kó wọ́ṣà márùn-ún lé ara wọn.

Ṣéènì 420 àti 428 jọ ń lo ìwọ̀n 12.7 mm láàárín pín-ìnnì sí pín-ìnnì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tan ènìyàn jẹ. Ṣéènì 420 tín-ín-rín ju kó wọ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì 428 lọ. Ṣéènì 428 á wọ ti 420, àmọ́ á máa jó lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì jẹ eyín rẹ̀ kíákíá. Fún àwọn òkè ilẹ̀ Okun, pàápàá ẹni tó ń gbé iṣu láti oko, a gba yín nímọ̀ràn pé kí eyín iwájú dín: eyín 15 níwájú sí 38 lẹ́yìn jẹ́ 2.53 (iye ìgbà tí ti iwájú ń yí kí ti ẹ̀yìn tó yí ẹ̀ẹ̀kan), 14 sí 43 jẹ́ 3.07. Yíyọ eyín kan níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú fífi eyín mẹ́ta kún ti ẹ̀yìn, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹ fi àlàfo 20 sí 30 mm sílẹ̀ lára ṣéènì, pẹ̀lú ẹni tó ń gùn ún lórí síìtì.

Iná

Ẹ má so àwọ̀ wáyà pọ̀ torí pé wọ́n jọra. Lára Honda àti CG Ṣáínà, wáyà àwọ̀ ewé ni earth (èyí tó lọ sára férémù), dúdú sì ni iná tó ń ti ara kọ́kọ́rọ́ wá. Lára Yamaha, dúdú ni earth. Ẹni tó bá gbé hẹ́díláǹpù Yamaha sórí CG, tó so dúdú mọ́ dúdú, fíúsì á jó ní kété tó bá ṣí kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá sí fíúsì, wáyà ni yóò jó. Ẹ fi fíúsì 10 ampere sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì.

Máṣíìnì 6 volt tí ẹ fẹ́ sọ di 12 volt: bátìrì, gbogbo gílóòbù, họ́ọ̀nù, regulator (èyí tí kì í jẹ́ kí iná pọ̀ jù) àti kọ́ìlì inú mágínẹ́ẹ̀tì lẹ máa pààrọ̀. Pípààrọ̀ bátìrì nìkan kò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ ta ẹ́ńjìnnì, ẹ fi mítà wọn ẹnu bátìrì: láàárín 13.5 sí 14.8 volt ni kó wà. Bó bá ju 15 lọ, regulator kò ṣiṣẹ́, gílóòbù á sì máa jó lọ́kọ̀ọ̀kan. CDI (àpótí kékeré tó ń darí iná sípáàkì) pẹ̀lú: oríṣi kan ń gba iná tààrà láti ara kọ́ìlì, èkejì ń gba ti bátìrì. Máṣíìnì tó ṣì ń ta sípáàkì nígbà tí ẹ yọ bátìrì kúrò ń lo ti àkọ́kọ́. Ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Táǹkì, síìtì àti kabúrétọ̀

Táǹkì máṣíìnì mìíràn ló ń yí ojú padà jù, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì le: ẹ wo fífẹ̀ ihò abẹ́ rẹ̀ àti bóyá ó fi àyè sílẹ̀ fún orí ẹ́ńjìnnì, ẹ fi rọ́bà sí abẹ́ rẹ̀ kó má gbọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí iná wẹ́dà kan táǹkì tó gbẹ. Òórùn epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàù. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì bu omi kún un dé ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n máa jó. Ihò afẹ́fẹ́ ọmọrí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí. Bó bá dí, máṣíìnì á kú lẹ́yìn kìlómítà díẹ̀, á sì tún ta lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí ọmọrí.

Bí ẹ bá gé ẹ̀yìn férémù fún síìtì pẹlẹbẹ, ẹ má sún mọ́ ibi tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn di òkè mú. Hándù kúkúrú tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì dára fún àwòrán, kò dára fún ọ̀nà tiwa. Ọrùn ọwọ́ ló ń gba gbogbo kòtò.

Ilé fílítà kò yẹ kó kúrò. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa á wọ inú sílíńdà bí ìyanrìn, á sì jẹ ríìngì. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀gúsọ́ọ̀sì, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn kìlómítà mẹ́wàá: àwọ̀ kọfí dára, funfun túmọ̀ sí pé epo kéré, ẹ fi jet (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀) tó tóbi díẹ̀ sí i. Àmọ́ kí ẹ tó ṣe é, ẹ wọ́n omi sí ìdí kabúrétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ìró rẹ̀ bá yí, gáskẹ́ẹ̀tì ló ń fa afẹ́fẹ́, kì í ṣe jet.

Ẹ kọ́kọ́ gùn ún ní pápá tàbí ní ojú ọ̀nà tó dá, kí ẹ sì tẹ bíréèkì láti eré kékeré. Lẹ́yìn kìlómítà 50, ẹ tún fún nọ́ọ̀tì áksù, bóòtì àwo bíréèkì, sípóòkì àti nọ́ọ̀tì T òkè. Kóònù tuntun sábà máa ń dẹ̀ díẹ̀ nígbà tó bá jókòó tán.