Bí mo ṣe rí fọ́sífétì orí CaMKII nínú ọpọlọ ọmọ eku ní Ìkòròdú

Owó tí mo kó sórí nitrogen olómi, ohun tó tutù ju yìnyín lọ gan-an tí mo fẹ́ fi mú ọpọlọ eku dì, ṣì ń dùn mí. N kò rí ẹni tó ń tà á ní Ìkòròdú níbí, mo ní láti ránṣẹ́ sí Ìkẹjà. Kí ọkọ̀ tó jáde nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12, kó tó dé Agric, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ẹni tó tà á ní kò kan òun.

Ohun tí mò ń wá rèé. CaMKII jẹ́ kinase: ó ń lẹ fọ́sífétì mọ́ àwọn púrótéènì mìíràn. Nínú ọpọlọ iwájú eku, ẹ̀yà alpha rẹ̀ kò tó nǹkan lọ́jọ́ ìbí. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́ ló máa ń pọ̀ sí i gidigidi, lásìkò tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń so mọ́ra wọn. Bí kálísíọ̀mù bá ta á jí, á lẹ fọ́sífétì mọ́ ara rẹ̀ ní ipò 286 lórí okùn amino acid rẹ̀, á sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí kálísíọ̀mù tilẹ̀ lọ. Fọ́sífétì yẹn gan-an ni mo fẹ́ rí.

Ibẹ̀ ló ti há. Ẹ yọ ọpọlọ tán, àmọ́ àwọn phosphatase inú rẹ̀ kò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́: wọ́n ń já fọ́sífétì yẹn dànù lójú ẹsẹ̀. Òtútù líle ló ń dá wọn dúró, òun náà ni mo sì sanwó fún tí n kò rí. Lórí bébà blot, níbi tí púrótéènì ti ń hàn bí ìlà dúdú, CaMKII fúnra rẹ̀ hàn ketekete ní 50 kDa (ìwọ̀n bí púrótéènì ṣe tóbi tó). Apá tó yẹ kí fọ́sífétì wà ṣófo. Mo tún un ṣe, ó tún ṣófo. Inú bí mi débi pé mo pa láàbù tì, mo lọ ilé.

Ìgbà tó yá ni mo pa nitrogen tì pátápátá. Mo gbé SDS (ọṣẹ líle kan tó ń tú púrótéènì) ìdá 1 nínú 100 kaná títí ó fi hó, mo dúró tì í. Bí mo ṣe ń yọ ọpọlọ ni mò ń jù ú sínú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń bọ ẹ̀fọ́, mo sì lọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ooru àti SDS ba gbogbo ẹ́ńsáìmù jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó rí àyè já ohunkóhun. Ó jáde! Eku ọlọ́jọ́ 7, fẹ́ẹ́rẹ́. Ọjọ́ 14, ó hàn. Ọjọ́ 21, ó dúdú kirimú. Mo pe gbogbo ẹni tó wà nítòsí wá wò ó.

Ti gẹ́ẹ̀lì (tó ń ya àwọn púrótéènì sọ́tọ̀) àti blot, ẹni tó bá ti wọ láàbù rí mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tó bá jẹ́ agbára kinase náà lẹ fẹ́ wọ̀n, ẹ má ṣe sè é o, torí òun náà á kú. Ìyẹn gba yìnyín, sodium fluoride àti orthovanadate, àwọn kẹ́míkà tó ń dá phosphatase dúró. Kí ẹ sì fi gbogbo ọjọ́ orí sórí gẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní lè fi wọ́n wéra.