Lẹ́ǹsì aláwọ̀ tí mo lò síbi ìgbéyàwó àbúrò mi l'Óṣogbo

Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ló sọ pé ẹyinjú gbogbo wa gbọ́dọ̀ pupa rúsúrúsú bí oyin. Mo gbà láti lo lẹ́ǹsì, ike pẹlẹbẹ aláwọ̀ tí wọ́n ń fi lé ẹyinjú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Ojú mi ríran dáadáa o, síbẹ̀ ó fi ẹ̀rọ wọn ẹyinjú mi, nítorí lẹ́ǹsì tó bá fún jù kì í jẹ́ kí ẹyinjú mí, èyí tó bá tú jù á sì máa ha á. Nọ́ńbà méjì ló kọ fún mi ní mìlímítà: 8.6 fún bí lẹ́ǹsì ṣe tẹ̀ sí, 14.2 fún bó ṣe fẹ̀ tó. Òun ni mo wò lára páálí kí n tó sanwó.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo fọṣẹ fọwọ́, mo sì nù ún gbẹ dáadáa, torí omi ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kan lẹ́ǹsì. Ìgbà tó wọlé sójú mi tán ni mo tó gbà kí wọ́n lẹ́ àtíkè àti tìróò fún mi. Lálẹ́, mo yọ ọ́ kí n tó nu àtíkè kúrò. Sísùn pẹ̀lú rẹ̀ kò sí lára àdéhùn wa.

Ibi ìfọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Mo da oògùn ìfọlẹ́ǹsì sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi ọmọ ìka rọra ra á níwájú àti lẹ́yìn, mo tún fi oògùn ṣàn án, kí n tó rẹ ẹ́ sínú kéèsì di àárọ̀. Nígbà tí mo mú un jáde, gbogbo oògùn àná ni mo dànù. Àwọn kan máa ń bu tuntun lé e nítorí owó. Oògùn àná ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán, kò lè pa kòkòrò mọ́. Oògùn tuntun ni mo fi ṣan kéèsì, mo sì dojú rẹ̀ dé orí tíṣù kó gbẹ. Bí kéèsì bá pé oṣù mẹ́ta, ó di ilé ìdọ̀tí.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Àgbà ní ká yà sí Igbó Ọ̀ṣun. Wọ́n bu omi, wọ́n ní kí n fi bọ́jú.

"Màmá, ẹ jẹ́ n yọ nǹkan kan lójú ná."

"Kí ló wà lójú ẹ tí kò fẹ́ omi Yèyé?"

Mi ò bá wọn jiyàn. Omi Ọ̀ṣun, omi kànga, omi ẹ̀rọ, ọ̀kan náà ni lójú lẹ́ǹsì: kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Acanthamoeba lè wà nínú wọn. Bó bá há sábẹ́ lẹ́ǹsì, á máa jẹ iwájú ẹyinjú, ìtọ́jú rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì lè fọ́ni lójú. Mo padà sídìí mọ́tò, mo fọwọ́, mo nù ún gbẹ, mo yọ lẹ́ǹsì sínú kéèsì tó wà nínú báàgì mi, kí n tó lọ bọ́jú. Màmá súre fún mi dọ́ba. Mi ò sì dá a padà sójú lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ní kí n yá òun lò lọ́jọ́ Sunday. Mo ní kó lọ wọn ojú tirẹ̀. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá sì pọ́n, tó ń dùn ún, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta á, kó yọ lẹ́ǹsì kíá, kó má ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú ní kẹ́míìsì. Ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni kó lọ, kó sì mú lẹ́ǹsì àti kéèsì dání, torí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ irú kòkòrò tó jẹ́.